Ṣé kédárì nìkan ni igi tó lè dúró síta láìbọ́ sẹ́nu ikán?

Ará Ìsánlú béèrè:

Òkun o, ẹ̀yin ará mi. Mo fẹ́ kọ́ àtíbàbà onígi síwájú ilé mi ní Ìsánlú, tí a ó máa jókòó sábẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí ewéko yóò sì fà bo orí rẹ̀. Ọmọ mi tó wà ní Kánádà fi àwòrán irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó ní igi kédárì ni wọ́n fi ṣe é, pé òjò àti kòkòrò kì í tètè bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lọ́kàn, nítorí pé èyí tí káfíńtà kan kọ́ fún mi tẹ́lẹ̀ kò rí òjò kẹta. Ó ri ẹsẹ̀ àwọn òpó mọ́ kankéré, ó sì fi ọ̀dà funfun kùn wọ́n títí wọ́n fi ń dán. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fi àtàǹpàkò tẹ ìdí òpó kan, ìka mi sì wọlé bí ìgbà tí ènìyàn tẹ ẹ̀kọ tútù. Nígbà tí mo ha ọ̀dà náà kúrò, erùpẹ̀ ikán ló kún inú rẹ̀, ọ̀dà yẹn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbé òpó náà dúró. Òpó yẹn ni ọmọ ọmọ mi máa ń fẹ̀yìn tì. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti lè rí kédárì rà? Bí kò bá sí, igi wo ló lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀?

Gbẹ́nàgbẹ́nà Kàbà dáhùn:

Bàbá, ẹ kú ewu. Láti ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ igi ní Kàbà, n kò tíì rí kédárì ní ìsọ̀ pákó kankan, n kò sì rò pé ó yẹ kí ẹ náwó lé e. Ìrókò àti igi apá tó wà lọ́dọ̀ wa le jù ú lọ, ikán kì í sì í dédé fẹnu kàn wọ́n. Ohun tó ń tan àwọn ènìyàn jẹ ni pé ara ìrókò kì í ṣe ọ̀kan náà. Ara funfun tó sún mọ́ èèpo kò lè dènà ikán. Àárín igi, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin tó ti pẹ́, ni kí ẹ rà. Ẹ lọ sí ìlagi fúnra yín, kí ẹ yí pákó kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó sanwó, kí ẹ má sì gba èyí tí igun rẹ̀ funfun, bí ẹni tó ń tà á tilẹ̀ búra pé ìrókò ni. Kò parọ́, ìrókò ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ikán ń fẹ́ lára rẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bí igi ti wù kó dára tó, bí wọ́n bá ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ kankéré, yóò jẹrà, nítorí omi tó bá ti ẹ̀gbẹ́ òpó wọlé kò níbi tí yóò gbà jáde. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i, torí pé kì í ṣe igi ló jẹ̀bi. Bí èmi ti ń ṣe é ni pé mo máa ń gbẹ́ ihò tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 2, máa da kankéré sí i títí tí orí rẹ̀ yóò fi yọ ní íǹṣì 6 sókè ilẹ̀, máa sì ri irin tí wẹ́dà ti jó sínú rẹ̀ kó tó gan. Irin yìí ni mo ń fi bóòtù de òpó mọ́, tí ìka kan yóò lè kọjá láàárín ẹsẹ̀ igi àti kankéré, kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ síbẹ̀. Bí ikán bá fẹ́ gòkè, àfi kó mọ ọ̀nà erùpẹ̀ rẹ̀ sára kankéré ní gbangba, ẹ ó sì gbá a dànù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé orí òpó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí òrùlé pẹ̀lú, nítorí ojú ibi tí a ti gé igi ló ń mu omi jù.

Ọmọ Yàgbà ní Kánádà dáhùn:

Òkun o, Bàbá. Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Kédárì yìí ni mo ń bá àwọn ènìyàn fi kọ́ àtíbàbà níbí ní British Columbia, níbi tó ti ń hù. Kì í ṣe kédárì Lẹ́bánónì inú Bíbélì o, orúkọ ni wọ́n jọ ń jẹ́. Thuja plicata ni àwọn onímọ̀ ń pe ti ibí. Ó fúyẹ́, ó rọrùn láti rẹ́, ó ń ta sánsán, ohun kan sì wà nínú àárín rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó tètè jẹrà. Ìrókò wúwo jù ú lọ dáadáa, nítorí náà ẹ wá ọwọ́ tó pọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọn yóò gbé e sókè. Àwọn méjèèjì ń di dúdú níbi tí ìṣó irin lásán bá ti kàn wọ́n nínú òjò, torí náà ìṣó tí wọ́n fi síǹkì bò ni kí ẹ rà. Kí àwọn tó ń rẹ́ ìrókò sì bo imú wọn, nítorí ìyẹ̀fun rẹ̀ máa ń yọ àyà àti awọ ara lẹ́nu.

Ìyá Ìyàrà dáhùn:

Igi apá ni mo fi kọ́ tèmi. Ẹ jẹ́ kí àwọn pákó orí rẹ̀ na láti àríwá sí gúúsù, kí wọ́n sì dúró lórí ẹ̀gbẹ́ wọn. Bí pákó bá ga ní íǹṣì 6, tí àlàfo sì jẹ́ íǹṣì 6, oòrùn kò ní rí yín títí di nǹkan bí aago 9 àárọ̀, kò sì ní rí yín mọ́ lẹ́yìn aago 3 ọ̀sán. Ewéko ni yóò bójú tó ọ̀sán gangan. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi epo ọkọ̀ tí wọ́n ti lò kùn ún. Aṣọ àlejò mi ló kọ́kọ́ kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ yẹn.

Ará Ìsánlú:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé mo lè lo ojú ihò àtijọ́?

Gbẹ́nàgbẹ́nà Kàbà:

Ẹ lè lò ó, Bàbá, bí ẹ bá kọ́kọ́ hú gbogbo kankéré àti igi tó kù nílẹ̀ jáde, títí kan èyí tó ti rà. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù, ibẹ̀ ni ikán yóò ti máa jẹun.