Òpè tí wọ́n da ọmọ ayò kún ọwọ́ rẹ̀: ìrírí wa pẹ̀lú kọ̀ǹpútà nínú géèmù ogun òfurufú

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti sọ ìrírí yín pẹ̀lú kọ̀ǹpútà nínú géèmù ogun òfurufú níbí ṣáájú mi. Tèmi kì í ṣe ìtàn akọni, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fìdí rẹmi kí n tó mọ irú ẹni tí mo ń bá jà.

Stellaris ni géèmù náà, èyí tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016. Ọdún 2200 ni eré inú rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Pílánẹ́ẹ̀tì kan àti ọkọ̀ ogun kéékèèké mélòó kan ni wọ́n máa ń fi lé ènìyàn lọ́wọ́, ènìyàn á sì máa wá ìràwọ̀ tuntun kiri, nígbà tí àwọn ìjọba tí kọ̀ǹpútà ń darí ń ṣe bákan náà níbi tí ojú rẹ̀ kò tíì tó. Nígbà tí mo ti borí lẹ́ẹ̀mejì ní ìpele ìṣòro tí wọ́n ń pè ní Captain láìlàágùn, ìgbéraga gùn mí, mo fo gbogbo ìpele tí ó wà láàárín, mo sì bọ́ sí Grand Admiral tí ó ga jù lọ.

Kò tó 30 ọdún inú eré tí aládùúgbò mi kan fi gbógun tì mí. Iye pílánẹ́ẹ̀tì wa dọ́gba, síbẹ̀ ọkọ̀ ogun tí ó kó wá tó ìlọ́po mẹ́ta tèmi. Mo gbà pé ọgbọ́n kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí èmi kò ní. Lẹ́yìn tí ó ti lé mi kúrò nílé lẹ́ẹ̀kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìgbésẹ̀ rẹ̀ kíníkíní bí ọmọ ilé ìwé tí ń jí iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n n kò rí nǹkan kan tí mo lè kọ́. Nínú eré kẹta ni àṣírí tú. Mo ti gba olú pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo ṣí i wò, mo sì bá ilé iṣẹ́ tí kò ní òṣìṣẹ́ tó, mo bá ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti máa wa ohun àlùmọ́nì tí ó wà lásán. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé, gbàrà tí pílánẹ́ẹ̀tì náà di tèmi, ohun tí ó ń mú jáde já wálẹ̀, nítorí àfikún tí géèmù ń fún kọ̀ǹpútà ní ìpele yẹn kò bá pílánẹ́ẹ̀tì wá sọ́dọ̀ ẹni tí ó gbà á.

Ẹni tí ó bá ti ta ayò rí yóò tètè mọ ohun tí mo ń sọ. Ihò 12, ọmọ ayò 48, bákan náà ni ọ̀ta (ẹni tí ó mọ ayò ta) àti òpè ṣe ń bẹ̀rẹ̀; orí ni ọ̀ta fi ń jẹ tọwọ́ òpè. Kọ̀ǹpútà tí ó lù mí lẹ́ẹ̀mejì yìí kì í ṣe ọ̀ta rárá. Òpè ni, ṣùgbọ́n òpè tí wọ́n ti da ọmọ ayò kún ọwọ́ rẹ̀ kí a tó jókòó ti ọpọ́n.

Láti ìgbà náà ni mo ti yí eré mi padà. Géèmù yìí máa ń fi agbára ogun ìjọba kan wé ti èkejì, mo sì kíyè sí i pé ẹni tí kọ̀ǹpútà bá rí pé ó rẹlẹ̀ sí òun ni ó máa ń yára kọlù. Nítorí náà, mo kan corvette, ọkọ̀ ogun kékeré olówó pọ́ọ́kú, jọ ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe kí n lè fi jà, bí kò ṣe kí ojú lè tì í láti sún mọ́ mi. Nígbà tí ogun wá dé ní tòótọ́, mo wo ọkọ̀ rẹ̀ dáadáa kí n tó tún tèmi tò: ohun ìjà oníná bíi laser a máa jẹ ìhámọ́ra irin dáadáa, ìbọn olóta a máa fọ́ shield (ààbò agbára tí ó yí ọkọ̀ ká), missile sì máa ń gba inú shield kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, àfi bí ọ̀tá bá ní ìbọn tí ń já a lulẹ̀ lójú ọ̀nà. Shield ni ọkùnrin yìí gbójú lé (mo ti ń pè é ní ọkùnrin, ẹ máa bá mi rẹ́rìn-ín), mo kó missile dé, n kò sì rí i kí ó yí nǹkan kan padà títí ogun fi parí. Iná lọ mọ́ wa lórí lẹ́ẹ̀kan láàárín ìjà náà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé géèmù náà máa ń tọ́jú ibi tí a bá eré dé fúnra rẹ̀.

Ètò kan wà tí mo fẹ́ràn jù báyìí. A lè jẹ́ kí àfikún kọ̀ǹpútà kéré ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa gòkè bí ọdún ti ń gorí ọdún. Èyí ni mo rí bí ìdọ́gba, nítorí èlé orí èlé ni àfikún ìbẹ̀rẹ̀, kì í jẹ́ kí ènìyàn rí àyè mí.

* * *

Àbúrò mi, mo ka tìrẹ, mo sì rẹ́rìn-ín, nítorí òpè olówó yẹn kì í ṣe ọmọ àná. Géèmù Master of Orion tí ó jáde ní ọdún 1993 ni èmi fi mọ̀ ọ́n, ní ìpele tí wọ́n pè ní Impossible. Àmọ́ wọ́n ṣe ohun kan nínú géèmù yẹn tí n kò rí nínú ọ̀pọ̀ tí ó tẹ̀lé e: wọ́n fún olórí kọ̀ọ̀kan ní ìwà. Ẹnì kan lè jẹ́ ìkà, ẹlòmíràn kò ní fẹ́ ogun, ẹnì kan á sì wà tí ọkàn rẹ̀ kò dúró sójú kan, tí ó lè gbógun ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ mulẹ̀. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni olóòótọ́, nítorí kò rọrùn fún un láti gbójú fo ẹni tí ó bá da májẹ̀mú.

Ìgbìmọ̀ kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ìjọba máa ń pé sí láti dìbò yan olórí. Bí èrò ìjọba kan bá ti pọ̀ tó ni ìbò rẹ̀ yóò pọ̀ tó, ẹni tí ó bá sì rí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti gba eré. Èmi àti àwọn Psilon, àwọn tí ìwádìí ìmọ̀ yá lára wọn jù lọ, ni a jọ du ipò. Ṣùgbọ́n mo ti da májẹ̀mú pẹ̀lú olóòótọ́ kan tipẹ́tipẹ́, nítorí ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Ìbò rẹ̀ ni ó gbé wọn dé ìdá méjì nínú mẹ́ta. Mo kọ̀ jálẹ̀ pé n kò gbà, géèmù sì fàyè gba ìyẹn, àmọ́ gbogbo wọn ni ó para pọ̀ dojú kọ mí. Wọ́n lù mí, mo sì mọ ẹ̀ṣẹ̀ mi.

* * *

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì, ẹ kú ìrántí. Homeworld 2, ti ọdún 2003, ni tèmi. Ìpín-ìpín ni eré náà, iṣẹ́ ni a ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tí ènìyàn bá ní ní òpin iṣẹ́ kan ni yóò kó wọ èyí tí ó kàn, kọ̀ǹpútà á sì wo bí wọ́n ti pọ̀ tó kí ó tó pinnu iye ọ̀tá tí yóò dúró dè é. Èmi tí mo máa ń tọ́jú ọkọ̀ bí ẹyin, ìyà ni mo fi ń jẹ. Bí mo bá ti ṣe dáadáa tó ni iṣẹ́ tí ó kàn ń le tó, títí mo fi há síbì kan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Níkẹyìn, mo padà sí iṣẹ́ tí ó ṣáájú, mo pa gbogbo ọ̀tá tán, mo pe àwọn ọkọ̀ mi wálé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tú wọn palẹ̀, mo sì gba ohun èlò inú wọn padà. Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ tí mo ti há sí náà pẹ̀lú ọwọ́ òfo, ọ̀tá tí mo bá níbẹ̀ kò tó nǹkan. Mo sáré kan ọkọ̀ tuntun, mo sì borí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi béèrè bí mo ṣe ṣe é. Sùúrù ni mo sọ fún wọn pé mo ní.