Oòrùn ọ̀sán àti gèlè ńlá: níbo ni kí n gbé reflector sí?

Olùbéèrè (Òkè-Fìà)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́. Ìdána kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé níbí ní Òṣogbo. Inú ọgbà ilé ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é, ilẹ̀ pupa ni gbogbo rẹ̀. Agogo méjìlá sí agogo méjì ọ̀sán ni wọ́n fi sílẹ̀ fún fọ́tò ìyàwó. Fláàṣì kò sí. Ohun tó wà nílẹ̀ ni kámẹ́rà, lens 50mm f/1.8, ọmọọṣẹ́ kan, àti reflector (ohun tí a fi ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ojú) aláwọ̀ márùn-ún tó fẹ̀ tó 110cm: funfun, fàdákà, wúrà, dúdú, àti aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàárín.

Wàhálà ibẹ̀ rèé. Gèlè máa ń ṣíji bo ojú débi pé ẹyinjú kì í hàn. Apá wúrà ń mú kí ojú pọ́n rúsúrúsú. Bí ọmọọṣẹ́ bá lóṣòó tó gbé fàdákà sókè, òjìji imú á máa lọ sí iwájú orí, ìyàwó á sì máa ṣẹ́jú, kò ní lè la ojú dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, apá wo ni kí n lò, ibo gan-an ni kó wà?

Fótò Ìgbọ̀nà

Àbúrò, o kú ìmúra. Reflector kì í dá ìmọ́lẹ̀ ní, èyí tó bá gbà ló ń dá padà, nítorí náà ọ̀rọ̀ oòrùn ló ṣáájú. Níbí ní Òṣogbo, agogo méjìlá kọ́ ni oòrùn ń ga jù. Láàárín 12:25 sí 12:55 ni, bí oṣù bá ṣe rí. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, àtàrí gan-an ló ń dúró sí. Àkókò tí wọ́n fún ọ yìí ni oòrùn le jù lójúmọ́. Bí ẹbí bá lè sún un sí agogo mẹ́rin, bẹ̀ wọ́n. Bí wọn ò bá gbà, ohun tí wàá ṣe nìyí.

Má fi ìyàwó sínú oòrùn. Wá etí ibòji: abẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀, abẹ́ kánópì, tàbí abẹ́ igi tó ṣú dáadáa. Kó dúró nínú ibòji náà, ìgbésẹ̀ kan péré sí ibi tí òjìji parí sí, kó kọjú síta. Nígbà yẹn, ojú ọ̀run tó wà níwájú rẹ̀ ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i lójú, ìmọ́lẹ̀ yẹn á sì wọ abẹ́ gèlè. O ò tíì fọwọ́ kan reflector tí ìdajì ìṣòro rẹ ti lọ.

Ọmọọṣẹ́ ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà nínú ibòji. Inú oòrùn níta ni kó dúró sí, kó máa ju ìmọ́lẹ̀ sínú ibòji. Kó gbé reflector sókè títí àárín rẹ̀ yóò fi ṣe déédéé pẹ̀lú ojú ìyàwó, kó wá dà á sẹ́yìn ní igun 45. Bí oòrùn bá wà ní àtàrí, igun yẹn ló máa jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ jáde ní ìbú, kó bá ojú tààrà. Bí reflector bá tẹ́ jù, òkè ni ìmọ́lẹ̀ á máa lọ, òun ló ń gbé òjìji imú lọ síwájú orí. Bó bá sì dúró ṣánṣán, ilẹ̀ ló máa tàn sí. Bí oòrùn bá ti ń yẹ̀, igun náà á yí padà. Ohun tí kì í yí padà ni pé ojú reflector gbọ́dọ̀ máa wo ibi tó wà láàárín oòrùn àti ojú ìyàwó.

Kó yà kúrò níwájú lens díẹ̀, sí ọ̀tún tàbí òsì rẹ, kí ẹ̀gbẹ́ kan ojú lè mọ́lẹ̀ ju ìkejì lọ. Bó bá dúró gbọọrọ níwájú, ojú á tẹ́ pẹrẹsẹ, imú ò ní yọ. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti rẹlẹ̀ jù, wo ẹyinjú. Àmì funfun kékeré kan máa ń hàn níbẹ̀. Bó bá wà ní ìdajì ìsàlẹ̀ ẹyinjú, sọ fún ọmọọṣẹ́ kó dìde.

Ayàwòrán Ọjà Ọba

Ọ̀gá ti sọ ibi tó yẹ kó wà. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ àwọ̀.

Ẹ gbàgbé wúrà ní ọ̀sán. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ọ̀sán funfun ni, ti inú ibòji sì máa ń fà sí búlúù díẹ̀. Bí ẹ bá da wúrà sí i, ojú á pọ́n, àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ìyàwó ò ní pọ́n, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà tí ọ̀kan ò ní ba ìkejì jẹ́. Lára àwọ̀ ara tiwa, tó ti ní pupa nínú tẹ́lẹ̀, ó tún máa ń burú sí i, aṣọ òkè funfun á sì dà bí èyí tó ti gbó. Àṣálẹ́ ni wúrà wúlò, bíi agogo márùn-ún àbọ̀ lọ sókè, nígbà tí oòrùn fúnra rẹ̀ ti pọ́n.

Funfun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rọ̀, kì í gún ni lójú, kì í sì jẹ́ kí òógùn máa dán. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ súnmọ́ ènìyàn: mítà kan sí mítà kan àbọ̀. Bí ẹ bá gbé e láti mítà kan àbọ̀ lọ sí mẹ́ta, nǹkan bí ìdámẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ló máa kù. Fàdákà yàtọ̀. Òun ń ju oòrùn lọ bí dígí, ó lè wà ní mítà mẹ́rin kó ṣì lágbára. Bí ibòji bá jìn tí funfun ò sì dé ibẹ̀, ẹ lo fàdákà láti òkèèrè. Ẹ má lò ó ní mítà kan sí ojú ẹnikẹ́ni nínú oòrùn ọ̀sán, torí ó ń ba ojú jẹ́.

Ìyẹn ilẹ̀ pupa náà ńkọ́? Reflector tí ẹ ò sanwó fún ni. Oòrùn ń ta sí i, ó ń dá pupa padà sí abẹ́ àgbọ̀n, ọrùn, àti inú gèlè. Bí ẹ bá lo funfun tí abẹ́ àgbọ̀n ṣì pọ́n, ilẹ̀ ló fa èyí. Ẹ tẹ́ ṣíìtì funfun ńlá kan síwájú ìyàwó, nǹkan bíi mítà méjì sí mẹ́ta, níbi tí kámẹ́rà ò ní rí i.

Ìyá Onífọ́tò (Òkè-Baálẹ̀)

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Mi ò fara mọ́ ṣíìtì funfun yẹn ní tèmi. Lóòótọ́ ó máa pa pupa, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ máa tún wá láti ìsàlẹ̀, ohun tí olùbéèrè sì ń sá fún gan-an nìyẹn. Bí reflector bá ti wà lókè tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, aṣọ dúdú ni kí wọ́n tẹ́. Dúdú á gbé pupa mì, kò sì ní dá nǹkan kan padà. Kí wọ́n fi ṣíìtì funfun pamọ́ fún ìgbà tí kò bá sí ẹni tó máa gbé reflector rárá.

Ọmọ mi, bí ìyàwó ṣe máa la ojú rèé. Má jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ já lù ú lójú lójijì. Kí ọmọọṣẹ́ kọ́kọ́ tan án sí àyà rẹ̀, níbi ìlẹ̀kẹ̀ iyùn, kó wá rọra gbé e gòkè títí tí ojú yóò fi mọ́. Ìwọ náà á rí ibi tó dé, torí ó máa ń hàn lórí aṣọ. Sọ fún ìyàwó kó dijú. Ka ení, èjì, ẹ̀ta, kó là á ní ẹ̀ta, kí o yà á ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin léraléra, kó tún dijú. Kó má tẹjú mọ́ reflector. Etí rẹ tàbí orí lens ni kó máa wò.

Òógùn: tíṣù ni kí o fi tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, má nù ún, wàá nu páúdà kúrò. Imú, iwájú orí àti òkè ètè ni kí o yẹ̀ wò kí o tó yà á, torí ibẹ̀ ni fàdákà máa ń hàn sí jù lọ.

Kí o sì bá àwọn tó ń wé gèlè sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó wé e. Bí etí gèlè bá yọ síwájú ju iwájú orí lọ, kí wọ́n fà á sẹ́yìn bí ìka méjì. Ìka méjì yẹn máa ń ṣe ohun tí reflector méjì ò lè ṣe.

Fótò Ìgbọ̀nà

Mo gbà pẹ̀lú Ìyá lórí aṣọ dúdú. Bí kò bá sí aṣọ, ẹní tàbí tapólì tí kò dán náà á ṣe é, bí kò bá ṣáà ti pupa. Kó má jẹ́ tapólì búlúù o, ìyẹn náà á tún kun ọrùn ní búlúù.

Ògo-Olúwa Studio

Kò tíì sẹ́ni tó mẹ́nu kan kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Reflector tó dára pẹ̀lú kámẹ́rà tó wà ní auto, tó ń yan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ asán ni. Kámẹ́rà á rí i pé ojú ti mọ́lẹ̀ sí i, á sì rẹ gbogbo àwòrán sílẹ̀, á wá dà bí pé reflector ò ṣe nǹkan kan.

Ẹ fi sí M, kí ẹ lè máa yan gbogbo rẹ̀ fúnra yín. Ní etí ibòji, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ISO 200 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí), f/4 (bí ihò lens ṣe ṣí tó), 1/200 (bí shutter ṣe yára tó). Lẹ́yìn tí reflector bá ti wà ní àyè rẹ̀ ni kí ẹ tó wọn ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe ṣáájú. Ẹ lo spot, tó ń wọn ojú kan ṣoṣo nínú àwòrán, ẹ fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wà lápá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Ohun tí kámẹ́rà fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ rò pé gbogbo nǹkan tó bá rí, àwọ̀ eérú ló yẹ kó jẹ́. Bí àwọ̀ ìyàwó bá dúdú, ohun tó bá ní kí ẹ lò á jẹ́ kó funfun ju bó ṣe rí lọ, nítorí náà ẹ dín in kù pẹ̀lú ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta stop sí stop kan (stop kan ni kí ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì tàbí ìdajì). Ẹ tan àmì tó ń ṣẹ́jú níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ jù. Bí léèsì tàbí gèlè bá ń ṣẹ́jú, ẹ sún reflector sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan shutter.

Reflector funfun tó wà dáadáa sábà máa ń fi nǹkan bíi stop kan kún ojú, fàdákà lè tó méjì. Bí ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú bá jẹ́ stop kan, ó dùn ún wò fún ìyàwó. Bó bá ti tó méjì, ó ti ń le nìyẹn. Fún ọkùnrin nínú agbádá, méjì yẹn dára gan-an.

Ẹ má lo f/1.8 fún gèlè o. Ojú á mú, etí gèlè á fọ́. f/2.8 sí f/4 ló yẹ.

Atẹ́gùn: reflector 110cm, ìgbòkun ni lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́. Kí ọmọọṣẹ́ di etí rẹ̀ méjèèjì mú, kó fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti àyà. Bí ẹ bá so ó mọ́ stand láìsí àpò iyanrìn lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, orí ẹnìkan ló máa já lù.

Olùbéèrè (Òkè-Fìà)

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ẹ ṣeun, mà. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àárín yẹn ńkọ́, ìgbà wo ni mo fẹ́ lò ó? Kí sì ni mo lè fi ṣe reflector kejì láìra òmíràn?

Ayàwòrán Ọjà Ọba

Aṣọ àárín wà fún ìgbà tí kò bá sí ibòji rárá. Ẹ gbé e sí òkè orí ìyàwó, láàárín òun àti oòrùn, bíi ẹsẹ̀ bàtà méjì sí gèlè. Oòrùn á di ìmọ́lẹ̀ tó rọ̀. Ewu rẹ̀ ni pé ó ń dín ìmọ́lẹ̀ ara ìyàwó kù bíi stop kan sí méjì, ẹ̀yìn ò sì ní dín kù, nítorí náà ẹ wá ibi tí ẹ̀yìn ti ṣókùnkùn: igi tàbí ògiri tó wà nínú òjìji. Àti pé bí ọmọọṣẹ́ bá ń gbé ìyẹn, ta ló ń gbé funfun? Ènìyàn méjì lẹ nílò.

Ní ti èyí tí ẹ máa ṣe fúnra yín, fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n sínú páálí dára púpọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ, wọ́n sábà máa ń jù ú nù ni. Fàdákà: ẹ mú páálí 60cm sí 90cm, ẹ rún fóìlì tí wọ́n fi ń se ẹja mọ́wọ́, ẹ tún un tẹ́ padà, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, kí apá tó ń dán wà níta. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ láìrún un, torí ìmọ́lẹ̀ á máa pín sí àbá-àbá lójú ènìyàn. Bí ẹ bá fẹ́ kun páálí ní funfun, ọ̀dà emulsion ni, kì í ṣe ọ̀dà tó ń dán.

Adìrẹ Òṣogbo

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yà lọ díẹ̀. Ìyàwó yẹn fẹ́ kí wọ́n tún ya òun nítòsí Igbó Ọ̀ṣun lẹ́yìn ìdána? Mo bi nítorí pé àwọn oníbàárà mi ń béèrè, fọ́tò ibẹ̀ sì máa ń tutù, ojú á máa fà sí àwọ̀ ewé.

Ìyá Onífọ́tò (Òkè-Baálẹ̀)

Ewé ló ń fa ìyẹn. Abẹ́ igi ńlá, ìmọ́lẹ̀ tó bá dé ilẹ̀ ti gba inú ewé kọjá, ó sì ti gba àwọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá gbé funfun sínú ibẹ̀, àwọ̀ ewé yẹn náà ló máa dá padà. Ẹ wá ibi tí igi ti yà tí oòrùn ti jábọ́, ẹ fi fàdákà gba oòrùn yẹn láti ibẹ̀, kí ẹ jù ú sí ojú láti òkèèrè, mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ fi páálí aláwọ̀ eérú síwájú ojú nígbà tí fàdákà bá ti ń tàn, kí ẹ fi ṣe white balance (kí kámẹ́rà lè mọ bí àwọ̀ ṣe rí gan-an), kí ẹ má lo auto. Igbó náà wà nínú àkójọ ogún àgbáyé ti UNESCO láti 2005, ibi ìjọsìn ni pẹ̀lú, nítorí náà kí ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó gbé irinṣẹ́ wọlé, kí ẹ sì béèrè ibi tí kò yẹ kí wọ́n yà.

Olùbéèrè (Òkè-Fìà)

Ó yé mi, mà. Ìbéèrè kan péré ló kù: fọ́tò ẹbí, bíi ènìyàn mẹ́wàá, ṣé 110cm á tó?

Fótò Ìgbọ̀nà

Kò tó. Ènìyàn kan tàbí méjì ló lè bójú tó dáadáa. Bí ẹ bá fi sí ènìyàn mẹ́wàá, àwọn méjì á mọ́lẹ̀, àwọn tó kù á dúdú. Ká a padà sínú àpò rẹ̀, kó gbogbo wọn sábẹ́ kánópì ní ìlà méjì, kí ìlà iwájú wà ní etí ibòji, kí gbogbo wọn kọjú síta. f/8, ISO 800, 1/200, kí o wá tún un ṣe láti ibẹ̀.