Ẹ̀yin tójú yín ti rí nǹkan lọ́wọ́ ọlọ́kadà eléré burúkú, ẹ wá sọ tiyín

Àdùnní Mọ́kọ́lá: Ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnikẹ́ni wà níbí tó ti rí ibi tí wọ́n ti mú ọlọ́kadà tó ń sáré àsápajúdé rí? Ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn níbí wọ́n ń gba wanwé, wọ́n ń gba ibi tí èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn, pásẹ́ńjà méjì pẹ̀lú ọmọ láàárín, ọlọ́pàá á nawọ́, wọ́n á kàn tẹná mọ́ ọn, wọ́n á kọjá lára ẹ̀ fìà. Òfin sọ pé eré àárín ìlú ò gbọdọ̀ ju 50 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Ta ló ń wò ó? Ẹ sọ èyí tójú yín rí.

Bàbá Sùlè: Kò sẹ́ni tó ń mú wọn. Ó tán.

Ìyá Ìbejì Kétu: Àdùnní o ṣeun tó o dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ló ṣẹlẹ̀ sí ní Kétu, nígbà yẹn wọ́n ṣì ń gba ọ̀nà Ìkòròdú bó ṣe wù wọ́n, kí ìjọba Èkó tó ṣòfin ọdún 2012 tó lé ọ̀kadà kúrò lójú títì 475. Ó wo apá ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀, kò sí nǹkan kan, ó bá sọ̀ kalẹ̀, àṣé ọlọ́kadà ń bọ̀ láti apá kejì tí kò yẹ kí nǹkan kan ti wá. Ẹsẹ̀ dá lábẹ́ orúnkún. Ọkùnrin yẹn ṣubú, ó dìde, ó gbé máṣìnì ẹ̀ nílẹ̀, ó ta á, ó lọ. A ń pariwo ẹ mú un ẹ mú un, níbo lẹ ti fẹ́ mú un? Mo bojú wo ẹ̀yìn máṣìnì kí n lè ka nọ́mbà, ó ti ká pléètì ẹ̀ sókè wọ abẹ́ síìtì, ó wá fi rọ́bà táyà tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ irin, etí ibi tó funfun nìkan ni mo rí. A gbé e lọ sí Ìgbòbí, àwọn mọ̀lẹ́bí ní àfi teguntegun, ìyẹn náà tún dìjà nínú ilé. Ó ṣì ń tiro títí dòní tí òtútù bá mú. Ẹni tó gbá a wà níbì kan tó ń jẹ ẹ̀bà.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà: Ìyá Ìbejì, gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn wọ̀ mí lára.

Ṣadé B.: Ẹ wo ẹsẹ̀ ọ̀tún àwa obìnrin Èkó, àpá sáilẹ́ńsà ló wà níbẹ̀. Tèmi rèé.

Kọ́lá Mẹkáníìkì: Òótọ́ pọ́ńbélé ni Ìyá Ìbejì sọ nípa pléètì yẹn. Wọ́n máa ń gbé e wá sọ́dọ̀ mi pé kí n ká a, òmíràn á ní kí n yọ ọ́ kúrò pátápátá, mo máa ń lé wọn ni, wọ́n á sì lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì níwájú. Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan fún yín. Bàjáàjì tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn, ẹ́ńjìnnì kékeré, 100 cc, ni púpọ̀ nínú wọn, kò lágbára ju mọ́tò lọ, mọ́tò á lé e bá lójú títì tó tẹ́jú. Fífúyẹ́ ẹ̀ ni wàhálà. Ibi tí mọ́tò ti dúró nínú gosílóò ló ti ń rí ihò, á wọ àárín tírélà méjì, á jáde síwájú, á bọ́ sí ọ̀nà ẹlẹ́rọ̀fọ̀, ẹ̀yin ẹ ṣì ń fọn fèrè. Bíréèkì ẹ̀yìn òmíràn sì ti jẹ débi irin, ẹsẹ̀ ló fi ń dá a dúró.

Gànì Ìyànà Ìpájà: Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, ọlọ́kadà ni mí. Ẹ ń bú gbogbo wa pọ̀. Máṣìnì tí púpọ̀ nínú wa ń wà kì í ṣe tiwa, háyà pọ́ọ̀ṣì ni, olówó ń retí owó ẹ̀ bílẹ̀ bá ṣú, kò fẹ́ mọ̀ pé òjò rọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, epo bẹntiróòlù tó ti gbówó lórí wà níbẹ̀. Àti pásẹ́ńjà fúnra wọn ńkọ́? Ẹni tó jí pẹ́ lá á tún máa gbá ẹ lẹ́jìká pé sáré jọ̀ọ́ sáré jọ̀ọ́, tó o bá rọra á ní ìwọ ò mọ̀ ọ́n wà, á sọ̀ kalẹ̀ gun tẹlòmíì.

Ìyá Ìbejì Kétu: Gànì mo gbọ́ ẹ, mo sì mọ̀ pé ìyà wà níbẹ̀. Ṣé háyà pọ́ọ̀ṣì ló ní kí wọ́n ká nọ́mbà sábẹ́ síìtì?

Gànì Ìyànà Ìpájà: Ìyá, tèmi wà níta gbangba o.

Dèjì Ṣómólú: Àdùnní béèrè bóyá wọ́n ti mú ọ̀kan rí. Èmi mú ọ̀kan, ojú mi sì já a. Mo dúró síbi iná pupa, ó ti ẹ̀yìn wá pẹ̀lú eré ó gba ìgò ẹ̀gbẹ́ mọ́tò mi lọ, ó sì kọ lu gọ́tà níwájú. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo di bẹ́líìtì ẹ̀ mú. Kí n tó sọ gbólóhùn kejì, ọ̀kadà ti yí mi po, iwájú ẹ̀yìn, ẹnì kan ti yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi. Wọn ò béèrè ta ló jẹ̀bi. Èmi tí wọ́n fọ́ ìgò mi ni mo sanwó fọ́ọ̀kì máṣìnì ẹ̀ tó wọ́. Ọlọ́pàá wà lókè lọ́hùn-ún tó ń wò wá.

Bàbá Sùlè: Mo ti sọ tẹ́lẹ̀.

Ọlátúndé: Dèjì kí ló dé tó ò kàn wa mọ́tò ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tààrà? Ó dà bíi pé ẹ ti fi iyọ̀ sí i.

Dèjì Ṣómólú: Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ti yọ? Ọ̀gbẹ́ni ka ohun tí mo kọ kó o tó sọ̀rọ̀.

Ṣadé B.: Ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi gẹ́lẹ́ ní Mushin. Kò lè jẹ́ irọ́. Wọ́n máa ń para pọ̀ ni.

Gànì Ìyànà Ìpájà: Ìdí tá a fi ń para pọ̀ ni pé tí mọ́tò bá gbá wa, onímọ́tò ń sá lọ ni. Ta ló ń gbèjà wa? Bó ti wù ó rí, yíyọ kọ́kọ́rọ́ yẹn ò dáa.

Tọ́kunbọ̀ Peckham: Ẹ má rò pé Nàìjíríà nìkan ni. Ní Lọ́ńdọ̀n níbí, àwọn tó ń fi máṣìnì kékeré já fóònù gbà, bí ọlọ́pàá bá ti gbá tẹ̀ lé wọn, wọ́n á bọ́ hẹ́límẹ́ẹ̀tì dànù, torí wọ́n mọ̀ pé táwọn bá ṣubú kú, ọlọ́pàá ló máa rojọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wọn wá pọ̀ jù, ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í fi mọ́tò gbá wọn ṣubú.

Ọlátúndé: Nílùú òyìnbó? Irọ́ ńlá.

Tọ́kunbọ̀ Peckham: Ọdún 2018 ni ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀n fúnra wọn gbé fídíò ẹ̀ jáde. Lọ wò ó. Nígbà tó di 2022 wọ́n tún ṣòfin tó dáàbò bo awakọ̀ ọlọ́pàá tó bá wà á bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Àdùnní Mọ́kọ́lá: Tiyín, olè ló wà lórí ẹ̀. Tiwa, ìyá ọlọ́mọ tó ń lọ ọjà ló jókòó sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá gbá a ṣubú, ta lẹ pa?

Ọmọ Ìdúmọ̀tà: Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Ojú mi báyìí ni àwọn agbófinró kan ṣe lé ọlọ́kadà, ó yí pírí wọ iwájú dánfó. Ọlọ́kadà fò bọ́ sí koríko, kò fara pa. Ọmọdébìnrin tó gbé ni wọ́n fi aṣọ bò. Látìgbà yẹn, tí mo bá rí wọn tí wọ́n ń lé ọ̀kadà, ọkàn mi kì í balẹ̀. Kí wọ́n dá lílé yẹn dúró, kí wọ́n wá ọ̀nà tí wọ́n á fi mọ ẹni yẹn kó tó délé.

Ìyá Ìbejì Kétu: Ọlọ́run á tẹ́ ọmọ náà sí afẹ́fẹ́ rere. Háà.

Sáídì Kútọnu: Ọ̀nà tó o ń wí wà. Ẹ wá wo Kútọnu lọ́dọ̀ wa. Zémìjàn, ìyẹn ọlọ́kadà tiwa, tó bá ń gbé èrò, ṣẹ́ẹ̀tì yẹ́lò ló ń wọ̀, nọ́mbà wà lẹ́yìn ẹ̀ gàdàgbà. Mi ò ní wọn kì í sáré o. Ṣùgbọ́n tó bá gbá ẹ tó sá lọ, o ti ka ẹ̀yìn ẹ̀, kò lè ká ẹ̀yìn ara ẹ̀ sábẹ́ síìtì.

Kọ́lá Mẹkáníìkì: Ní Èkó, wọ́n á yá ṣẹ́ẹ̀tì ara wọn.

Sáídì Kútọnu: Ẹni tó yá èèyàn ní ṣẹ́ẹ̀tì ni kí wọ́n mú nígbà náà. Á kọ́gbọ́n.

Ṣadé B.: A ti ní nǹkan tó dáa jùyẹn lọ tẹ́lẹ̀, àwọn ọ̀kadà tá a ń fi fóònù pè. Orúkọ ẹni tó ń bọ̀ wà lójú fóònù, àwòrán ẹ̀ wà níbẹ̀, hẹ́límẹ́ẹ̀tì méjì. Òfin February 2020 tó lé ọ̀kadà kúrò ní káńsù mẹ́fà l'Ékòó, àpapọ̀ ni wọ́n gbá wọn dànù mọ́ àwọn tí kò lórúkọ. Ó ṣì ń dùn mí. Èyí tẹ́ ẹ lè mọ̀ lẹ lé lọ, èyí tẹ́ ò lè mọ̀ wọ inú àdúgbò lọ ń sáré.

Ọlátúndé: Hẹ́límẹ́ẹ̀tì kẹ̀? Èmi ò lè dé èyí tí ẹni tí mi ò mọ̀ ti dé láéláé. Orí ò ṣe é fi ṣeré.

Dèjì Ṣómólú: Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. January 2009 tí wọ́n ní dandan ni hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ pé wọ́n fi oògùn sínú ẹ̀ yìí lẹ̀ ń sọ, tí àwọn kan ń dé igbá àti ike ọ̀dà.

Ọlátúndé: Èmi ò sọ̀rọ̀ oògùn nìkan, òógùn ńkọ́? Iná orí ńkọ́? Fi imú kàn án lọ́sàn-án.

Ìyá Ìbejì Kétu: Ó ń rùn lóòótọ́. Mo máa ń we gèlè mi kí n tó dé e.

Bàbá Sùlè: Èmi ra tèmi, inú báàgì ló wà.

Gànì Ìyànà Ìpájà: Bàbá, irú yín ni mo fẹ́ máa gbé. Ẹ̀yin tó bá máa rà á, ẹ wò ó pé okùn àgbọ̀n ẹ̀ ń há dáadáa, òmíràn á fò lọ kó o tó balẹ̀.

Àdùnní Mọ́kọ́lá: Níbo ni mo ti lè rí ojúlówó rà n'Íbàdàn?

Kọ́lá Mẹkáníìkì: Lọ sí Aráròmi ní Géètì. Má ra èyí tí wọ́n kó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú oòrùn, béèrè èyí tó wà nínú páálí.