Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ di PA ní Amẹ́ríkà: ibi tí fọ́ọ̀mù ti ń há

Ẹ̀yin ará, kí ẹni tó ti ṣe nọ́ọ̀sì tàbí dókítà nílé má rò pé ọdún tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́ máa gé ẹ̀kọ́ physician assistant (PA, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn pẹ̀lú dókítà) kúrú. Nǹkan bí oṣù 27 ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń lò: bí ọdún kan nínú kíláàsì, ìyókù ní wọ́ọ̀dù. Dókítà tó ti ń ṣiṣẹ́ abẹ n'Íbàdàn náà á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni, torí ẹni tí kò bá jáde nílé ẹ̀kọ́ tí ARC-PA, àjọ tó ń fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ PA, fọwọ́ sí kò lè jókòó ṣe PANCE, ìdánwò àṣẹ iṣẹ́ PA.

Wákàtí ni iṣẹ́ yín máa fún yín. Ilé ẹ̀kọ́ kan á béèrè 500, òmíràn 1,000, òmíràn 2,000. Lórí CASPA, fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń wá àyè sí ilé ẹ̀kọ́ PA, Patient Care Experience ni ti ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú aláìsàn. Healthcare Experience ni ti ẹni tó kàn wà nídìí fáìlì tàbí tábìlì. Ẹni tó kọ "mo ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù" tó wá dákẹ́, wọ́n lè kà á sí èkejì. Ẹ dárúkọ iṣẹ́ ọwọ́ tẹ́ ẹ ṣe: ẹ gba ẹ̀jẹ̀, ẹ fa omi sí aláìsàn lára, ẹ wẹ egbò, ẹ wọn ìfúnpá. Mátírọ́ọ̀nù kó ya wákàtí tó fi kọ róstà sọ́tọ̀. Wákàtí kan náà kò gbọdọ̀ wọ ibi méjì.

—

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ n fi ti transcript, ìwé máàkì ilé ẹ̀kọ́ yín, kún un. Ìwé RN (registered nurse) nìkan kò tó, dìgírì àkọ́kọ́ ni wọ́n ń fẹ́. Tó bá jẹ́ ti Nàìjíríà, WES, iléeṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè wò, tàbí irú wọn ló máa yẹ̀ ẹ́ wò, course-by-course sì ni kẹ́ ẹ sanwó fún, torí document-by-document kì í gbé máàkì kọ̀ọ̀kan jáde. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ò tiẹ̀ gba anatomy tàbí microbiology tí wọn ò kà ní Amẹ́ríkà. Community college ni wọ́n ti ń lọ tún un kà, pẹ̀lú lab. Ẹ ka ojú ìwé ilé ẹ̀kọ́ náà kẹ́ ẹ tó náwó kankan.

—

Déètì gan-an ló ń pa èèyàn lára jù. "Submitted" (ẹ ti fi ránṣẹ́), "complete" (gbogbo ìwé ti pé) àti "verified" (CASPA ti yẹ̀ ẹ́ wò tán) kì í ṣe ọ̀kan náà. CASPA lè lo tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láti yẹ fọ́ọ̀mù wò, nítorí náà, níbi tí wọ́n bá ti ní "verified by October 1", ẹni tó fi tiẹ̀ sílẹ̀ ní September 20 lè ti pẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì ń gba èèyàn bí fọ́ọ̀mù ṣe ń wọlé. Ìparí April ni CASPA máa ń ṣí. Ẹ tètè dé ibẹ̀.

—

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ nílé, ẹ fojú sí ti owó o. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ PA kì í fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́, àwọn míì kà á léèwọ̀, kódà náìtì ọjọ́ Sátidé. Nọ́ọ̀sì tí kò bá lè fiṣẹ́ sílẹ̀, kó kọ́kọ́ wo ọ̀nà nurse practitioner, nọ́ọ̀sì tó kàwé sí i láti máa tọ́jú aláìsàn fúnra rẹ̀: àwọn ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan wà tó jẹ́ part-time.