«Ìbátan» kọ́ ni «relation»: lórí àká alátẹ, oyè àti àdàkọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Mo ka ìwé ìtọ́nà tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lórí bí a ṣe ń gbé PostgreSQL, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú àtẹ, sórí sáfà Ubuntu (kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn mìíràn lóhùn, tí Linux ń darí), mo sì rí àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ká fọwọ́ sí: «àká dátà ìbátan» fún «relational database», «ipa» fún «role» (orúkọ tí ètò náà fi ń mọ ẹni tó ń lò ó àti ohun tó lè ṣe), «ìdànù» fún «dump» (ẹ̀dà àká tí a kọ sínú fáìlì). Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi iṣẹ́ yìí jẹun, àwọn ọ̀rọ̀ yẹn sì ń há mi lọ́fun.

Àká dára, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. «Dátà» ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ lọ sọ ọ́ ní Ìkẹjà pé ẹ ní àká dátà, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni iye tí ẹ ń ta 1GB. Ẹ jẹ́ ká lo ìwífún.

«Ìbátan» gan-an ló gbé mi dìde. Ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, rò pé torí pé àwọn àtẹ («table») inú rẹ̀ bá ara wọn tan ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Rárá o. Edgar Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ fún IBM ní San Jose, California, ló gbé èrò náà jáde lọ́dún 1970, inú ìmọ̀ ìṣirò ló sì ti mú «relation» wá. Àkójọ ìlà tí ìtò wọn bára mu ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn ni pé àtẹ fúnra rẹ̀ ni. Àká tó ní àtẹ ẹyọ kan ṣoṣo, tí kò mọ àtẹ mìíràn rí, «relational» ni síbẹ̀. Tí a bá kọ «ìbátan», àṣìṣe àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì la tú sí Yorùbá yẹn.

Àbá mi ni «àká alátẹ». Ẹ máa rẹ́rìn-ín, pé ìyá tó ń ta ata lẹ́nu géètì ni alátẹ. Òun gan-an ni mo ń wò. Ó lè gbé òkìtì tòmátì yìí síwájú, kó ti tọ̀hún sẹ́yìn, ọjà rẹ̀ kò yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlà inú àtẹ Codd kò ní àkọ́kọ́, kò ní ìkẹyìn, àfi tí o bá fi ORDER BY, àṣẹ tó ń to ìlà, bẹ̀ ẹ́. (Òkìtì méjì lórí àtẹ ìyá náà lè jọra bí ìbejì, Codd kò ní gbà á. SQL, èdè tí a fi ń bá irú àká yìí sọ̀rọ̀, gbà á ní tirẹ̀, torí náà ìyá alátẹ sún mọ́ SQL ju Codd lọ.)

«Ipa» ti òṣèré ni. Láti PostgreSQL 8.1, tó jáde ní 2005, ẹnì kan àti ẹgbẹ́ odindi ti di «role» kan náà. Oyè ni mo ń pè é fún àwọn tí mò ń kọ́. A lè fi oyè kan sábẹ́ òmíràn. Oyè tó ní LOGIN, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti wọlé, nìkan ló lè kanlẹ̀kùn. Tí ẹ bá sì fẹ́ pa oyè tí àtẹ kan ṣì wà lórúkọ rẹ̀ rẹ́, PostgreSQL máa kọ̀ jálẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pín ogún ná.

«Ìdànù» ló ká mi lára jù, torí ó ti ná mi lówó. Níbi iṣẹ́ kan, èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sí pélébé ìwé fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi: «Da àká náà sílẹ̀ kí o tó gbé ẹ̀yà tuntun wọlé.» pg_dump, àṣẹ tó ń ṣe ẹ̀dà àká, ni mo ní lọ́kàn. A ti pa áàpù tó ń lo àká náà, kò sí ohun tó máa dí i lọ́wọ́. Ọmọ yìí fi àṣẹ sudo sọ ara rẹ̀ di postgres, ọ̀gá àká, ó ronú díẹ̀, ó tẹ dropdb, àṣẹ tó ń pa àká rẹ́ pátápátá. dropdb kì í béèrè bóyá ó dá ọ lójú, àfi tí o bá fi -i sí i. Ojú ẹ̀rọ kò sọ nǹkan kan. Ló bá yíjú sí mi: «Bọ̀ọ̀dá, mo ti dà á.» Ẹ̀dà alẹ́ àná ló yọ wá, iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ náà, inú ríṣíìtì la ti ń tún un tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò lè bá a wí. Ohun tí mo kọ ló ṣe.

«Àdàkọ» ni ká lò. «Dà» tí ẹ̀gbọ́n ń wá ṣì wà nínú rẹ̀, àmọ́ ohun tí a dà kọ kì í kúrò níbi tó wà. Ẹ ṣí fáìlì tí pg_dump mú jáde wò: CREATE TABLE tó ń dá àtẹ, COPY tó ń kó ìlà sínú rẹ̀ tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ tí ojú lè kà, bí ìgbà tí ọmọ iléèwé bá da iṣẹ́ ẹnì kejì kọ, tó da àmì ìdánudúró rẹ̀ pàápàá mọ́ ọn.

«Peer», ọ̀nà kan tí sáfà fi ń mọ ẹni tó fẹ́ wọlé, tí wọ́n pè ní «ojúgbà» ńkọ́? Kò sí ẹgbẹ́ kankan níbẹ̀. Sáfà kàn bi Linux pé ta ló wà ní ìkángun kejì, bóyá orúkọ rẹ̀ bá oyè tó ń béèrè mu. «Ẹni òdìkejì» tó fún un. Sáfà ní tirẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ sáfà. Mo dán «apèsè» wò nílé lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi bi mí bóyá ìrẹsì ló ń pèsè.