Backlight kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo rí àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá lánàá fún gbólóhùn “detect backlight support” tó wà nínú fáìlì Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí a ń túmọ̀. Backlight ni ohun tó ń mú kí ojú kọ̀ǹpútà tàn. Wọ́n pè é ní “ìṣàwárí àtìlẹ́yìn ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn”. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Mo kà á sókè nílé, ìyàwó mi ní ṣé oògùn ẹ̀yìn dídùn ni. Ẹ̀yìn méjì nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin, kò sì sí ọ̀kan tó sọ ohun tí kernel, ọkàn Linux, ń ṣe níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú iná ṣáájú. Lọ́dọ̀ tiwa, iná ni nǹkan tó ń tàn, ìmọ́lẹ̀ ni ohun tó ń ti ara rẹ̀ jáde. À ń tan iná, à ń pa iná. Mi ò tíì gbọ́ ẹni tó ní kí wọ́n lọ pa ìmọ́lẹ̀ yàrá. Gẹ̀ẹ́sì ló ń fi “light” kan ṣoṣo pe méjèèjì. Ojú kọ̀ǹpútà tó jẹ́ LCD kò lè tàn fúnra rẹ̀. Iná LED kéékèèké tí wọ́n tò sí etí rẹ̀ ló ń ràn án lọ́wọ́ láti ẹ̀yìn; láyé àtijọ́, ọ̀pá iná tínínrín kan ló ń ṣe é. Iná ni backlight, nígbà náà. Brightness ló jẹ́ ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá wo inú àpò fáìlì /sys/class/backlight, ẹ óò rí “brightness” àti “max_brightness” fún iná kọ̀ọ̀kan: ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà báyìí, àti ibi tó lè ga dé. Tí a bá pe iná náà fúnra rẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀, kí la ó pe “backlight brightness”? Ìmọ́lẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn?

Ẹlòmíràn ní ká pè é ní “iná ẹ̀yìn”. Ó sàn, àmọ́ orúkọ yẹn ti ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ: iná pupa ìdí mọ́tò.

Àbá tèmi ni “àtẹ̀yìntàn”. A kúkú ń sọ “àtẹ̀yìnwá” lójoojúmọ́, ohun tó ti ẹ̀yìn wá. Iná àtẹ̀yìntàn á jẹ́ iná tó ti ẹ̀yìn tàn. Kò gùn tó amóhùnmáwòrán, tí à ń pè láìgé ahọ́n jẹ.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi ta ko ara mi. Ojú kọ̀ǹpútà tó jẹ́ OLED kò ní iná kankan lẹ́yìn. Tóótòòtó kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di àwòrán ló ń tàn fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, àpò backlight yẹn náà ni Linux ń kó o sí. Irọ́ ni orúkọ náà níbẹ̀, kò sì di dandan ká bá Gẹ̀ẹ́sì pa á. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká fi “àtẹ̀yìntàn” mọ sí ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan LED inú LCD gan-an. Níbi tí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ti máa kà á, ká sọ ọ́ bí aráyé ṣe ń sọ ọ́: iná ojú kọ̀ǹpútà. “Din iná fóònù ẹ kù, jọ̀ọ́” kò nílò ìgbìmọ̀ kankan kó tó yé èèyàn. Ọmọ ilé tó ti rẹ iná àtùpà sílẹ̀ rí ti mọ ohun tí à ń sọ.

Ó wá ku “detect”, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ rántí òwe: àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Wíwá tí kì í bọ̀ lọ́wọ́ òfo ni àwárí. Kernel ní tiẹ̀ lè bọ̀ lọ́wọ́ òfo: “none” wà lára àwọn ìdáhùn tí fáìlì video_detect.c lè mú wá, pẹ̀lú “video” (ọ̀nà firmware), “vendor” àti “native”. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń bi firmware, ètò tí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ kọ sínú rẹ̀, bóyá ó ní _BCL, tó ń ka ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ṣeé yàn, àti _BCM, tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ sí ìwọ̀n tí a bá fẹ́. Nínú _BCL, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ti ìgbà tí láptọ́ọ̀pù wà lórí iná, èkejì ni ti orí bátìrì. Ẹ rí i, iná tún ni.

Àmọ́ firmware lè dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” kó má rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà Windows 8, ní 2012, dráífà àwòrán, ètò tó ń darí ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán sójú, ló ń darí iná ojú lórí Windows. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó jáde lẹ́yìn ìyẹn, _BCL àti _BCM ṣì wà níbẹ̀, wọn kò kàn ṣiṣẹ́ ni. Mo ra tòkunbọ̀ kan bẹ́ẹ̀. Tí mo bá tẹ bọ́tìnnì, àwòrán ìwọ̀n á máa gòkè, á máa sọ̀, iná kò ní mira. Ìgbà tí mo kọ acpi_backlight=native sí ìlà àṣẹ tí kernel ń kà nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ ló tó gbọ́ràn. Nítorí irú èyí ni wọ́n ṣe to orúkọ àwọn ẹ̀rọ olóríkunkun sínú fáìlì yẹn: tí kernel bá ti dá ẹ̀rọ mọ̀ nínú wọn, ìdáhùn tí wọ́n kọ síwájú orúkọ náà ni yóò lò, àyàfi tí ẹni tó ni ín bá ti pàṣẹ fúnra rẹ̀.

Wádìí ni mo fara mọ́. Ẹni tó ń wádìí mọ̀ pé wọ́n lè purọ́ fún òun. “Dá mọ̀” náà dára, ṣùgbọ́n fún ti orúkọ ẹ̀rọ nìkan. “Àtìlẹ́yìn” ní tiẹ̀, èèyàn ló ń ṣe é fún èèyàn, bíi tìbò tàbí towó. Ohun tí kernel fẹ́ mọ̀ ni ọ̀nà tí iná náà gbà ṣeé darí. Nítorí náà: “Wádìí ọ̀nà tí a lè gbà darí iná ojú kọ̀ǹpútà.” Ó gùn, mo mọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣáájú Linux 6.1, tó jáde ní December 2022, acpi_video0 (ọ̀nà firmware) àti intel_backlight (ọ̀nà dráífà àwòrán) lè jọ wà nínú àpò kan fún ojú kan ṣoṣo, tí ètò mìíràn á wá máa yàn láàárín wọn. Iṣẹ́ tí Hans de Goede, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ kernel, ṣe sí 6.1 ni pé kernel fúnra rẹ̀ ni kó yàn, kó sì gbé ọ̀kan ṣoṣo kalẹ̀. Bí ẹ bá ní ká fi “kí o sì yàn án” kún un, mi ò ní jà.

Nínú àwọn ìdáhùn video_detect.c tí mo dárúkọ lókè, “vendor” kì í ṣe ọlọ́jà. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ni, mo fi “aṣẹ̀rọ” sí i. “Native” lẹnì kan pè ní “ìbílẹ̀”. Iná ìbílẹ̀! Fìtílà elépo pupa ló wá sí mi lọ́kàn. Dráífà àwòrán tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ darí iná, láìgba ẹnu firmware kọjá, ni wọ́n ń sọ. Òun nìkan ni mi ò tíì rí ibi fẹ̀yìn rẹ̀ tì. Mo ṣì kọ “tààrà” síbẹ̀, pẹ̀lú àmì ìbéèrè.