Ọmọ tí ẹgbẹ́ ẹ̀ kì í bá ṣeré: ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Kòfo, Òkè-Baálẹ̀: Ẹ kú ilé o. Ọmọ mi ọlọ́dún méje dé láti ilé ìwé, ó ní àwọn kì í bá ọmọ kan ní kíláàsì àwọn ṣe ten-ten, pé àfín ni, ó lè ran àwọn. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ó ní, "Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti mọ̀." Ẹ̀wà àkàrà kún ọwọ́ mi, mo kàn dúró ni. Lóòótọ́, a pàdé ìyá kan tó jẹ́ àfín ní Ọjà Ọba, mo fà á lọ́wọ́ sẹ́yìn. Mi ò tiẹ̀ yanu o!

Bàbá Ìbejì: Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Fìlà Funfun: Àfín lèmi náà, Òṣogbo yìí ni wọ́n bí mi sí. Kò ràn. Ara bàbá àti ìyá la ti ń gbà á, bí àwọn méjèèjì tiẹ̀ dúdú bíi kóró iṣin. Ní púrámárì, ẹ̀yìn ni tíṣà fi mí sí torí pé mo ga. Ojú wa kì í sábà ríran jìnnà, mi ò rí nǹkan kan lójú bọ́ọ̀dù, wọ́n ní olódo ni mí. Ọmọ tó jókòó tì mí ló ń ka nótì sókè, á máa ṣe bíi pé ara ẹ̀ ló ń kà á fún. Ọ̀rẹ́ mi ni títí dòní. Ti iyọ̀ ńkọ́? Ìyá bàbá mi ò jẹ́ kí n fẹnu kàn án.

Aláròyé: Ṣebí àfín kì í jẹ iyọ̀ lóòótọ́? Ẹni òòṣà ni wọ́n.

Ọmọ Awo: Oúnjẹ Ọbàtálá ni kì í níyọ̀. Ẹ má gbé èèwọ̀ òòṣà kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn.

Fìlà Funfun: Ẹ bá mi sọ fún wọn. Oòrùn lọ̀tá mi.

Jagunlabí: Iyọ̀ lẹ wá ń jà sí. Ẹ kọ́ ọmọ náà ní ẹ̀ṣẹ́, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Tíṣà Púrámárì Kẹta: Ẹ̀ṣẹ́ kẹ̀? Akólòlò kan wà ní kíláàsì mi. Mo ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá jókòó ní bíréèkì. Bí mo bá ń wò wọ́n, wọ́n á mú un mọ́ra. Kí n kẹ́yìn báyìí, ó ti padà sídìí igi. Mo bá gbé agogo lé e lọ́wọ́, pé òun ni kó máa lù ú. Ẹni tó bá fẹ́ kí bíréèkì tètè dé, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló ń lọ bẹ̀bẹ̀.

Bàbá Ìbejì: Wọ́n á kàn sọ ọ́ ní Agogo ni.

Tíṣà Púrámárì Kẹta: Wọ́n ti sọ ọ́! Òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ẹ̀, gàdàgbà.

Ìyá Kòfo, Òkè-Baálẹ̀: Mo rí ìyá ọmọ yẹn ní géètì láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ ò wá sí mi lẹ́nu, mo kàn di àkàrà fún un.

Fìlà Funfun: Ẹ fi iyọ̀ sí i ṣá?

Ìyá Kòfo, Òkè-Baálẹ̀: Ó tiẹ̀ pọ̀ díẹ̀.